Okùn Àkọsílẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Já

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án 2013. Ọ̀sẹ̀ 244.

Ẹ̀wà funfun, múdù kan, 260. Jéró, 170. Ìrẹsì, 340. Òróró ẹ̀pà, ìgò kan, 290. Tòmátì, apẹ̀rẹ̀ kan, 2,800. Oòrùn mú. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́.

Mo dé Monday Market ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mala Jàáfárù ẹlẹ́wà ti rí mi láti òkèèrè, ó sì ti ń pariwo: "Mai Farashi! Na littafi ne, ko na miya?" Oníye-owó ló ń pè mí: ti ìwé ni àbí ti ọbẹ̀? Bí mo bá ní ti ìwé, yóò sọ iye tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà á gan-an, kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Bí mo bá ní ti ọbẹ̀, a ó jọ máa fa owó náà bí ẹni tí kò mọra rí. Ọdún karùn-ún rèé. A kì í da méjèèjì pọ̀.

Láti Oṣù Kẹfà ni ọ́fíìsì ìjọba tí mo ń bá gba iye owó ọjà ti kó lọ sí Bauchi. Wọ́n ní kí a dá gbígba iye owó ọjà dúró ní ìpínlẹ̀ yìí títí ìlú yóò fi rọ̀. Owó ọjà kò gba ìwé yẹn, ó ń gòkè lọ. Èmi gbà á, mo sì fi pamọ́ sínú àpótí. Láti Oṣù Kìíní 2009, kò sí Ọjọ́ Ajé kan tó ní ihò nínú àkọsílẹ̀ mi. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kejìlá, yóò pé ọ̀sẹ̀ 260. Òun ni mo fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn tó ń gba ènìyàn fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Mi ò ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí mo lè fi gbéra, mi ò sì ní ọdún tí mo lè fi ṣòfò.

Owó tó wà nílẹ̀, 412,000. Igba ẹgbẹ̀rún nínú rẹ̀ jẹ́ ti físà àti ìrìnnà. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dọ́là kan, 163. Ìdánwò, Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe é, dọ́là 195, ìyẹn 31,785. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, fífi èsì ìdánwò ránṣẹ́, àti ìwé èsì láti ilé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́: 40,701. Mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Mo pa mẹ́rin rẹ́ kí tíì mi tó tutù. Ó ku Bọ́sítìnì, Minisótà, Tòróńtò àti Lọ́ńdọ̀nù. Pẹ̀lú ọkọ̀ Àbújá, 9,000, àti ibi tí n ó sùn níbẹ̀, 12,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 215,589. Ó ku 196,411. Mo ti jẹ 3,589 nínú owó físà. Físà yóò dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án.

Oṣù kẹrin tí wọ́n ti gé ìlà fóònù. Mo fi tèmi rán Ẹ̀gbọ́n Làtíì lónìí, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Azare. Ó ní àpò kan tó lè gba ogójì fóònù, a fi rọ́bà de bébà tí a kọ orúkọ sí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé Azare tí ìlà wà, yóò tan gbogbo wọn, yóò tẹ́ wọn sórí ẹní, yóò jókòó jẹun tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ máa wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò kó wọn padà wá. Àádọ́ta náírà lórí fóònù kan.

"Pùròfẹ́sọ̀," ó ní, "fóònù tiyín ló dákẹ́ jù nínú àpò yìí. Tàwọn ọmọ báǹkì ń ké bí òròmọdìẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í jẹ gbèsè, ta ni yóò pè mí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Benisheik ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, mi ò ní kọ iye ènìyàn tí wọ́n pa síbí. Iye tí oníkálukú ń sọ kò bára mu, èmi kì í sì í kọ iye tí mi ò lè jẹ́rìí sí. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni ọ̀kan: Ẹ̀gbọ́n Làtíì wọlé lónìí, ó tẹ̀lé ọkọ̀ ṣójà, gbogbo fóònù pé nínú àpò. Kò pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀.

Mo tún ìṣirò ṣe. Bàlúù lọ-bọ̀ sí Àbújá jẹ́ 56,000. Bí mo bá gba ojú ọ̀nà, yunifásítì mẹ́rin. Bí mo bá gba òkè, mẹ́ta. Mo ta Lọ́ńdọ̀nù, mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kú kì í gba oyè ọ̀mọ̀wé níbi kankan. Ó ku 190,112.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ 247.

Ẹ̀wà 280. Ẹja gbígbẹ láti Baga kò wọlé. Mo kọ "kò wọlé". Ìyẹn náà jẹ́ iye.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá.

Mo lọ sí Àbújá lẹ́yìn ọjà Ọjọ́ Ajé, mo padà kí Ọjọ́ Ajé mìíràn tó dé. Nínú yàrá ìdánwò, ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ọmọ mi ni mo sìn wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà ti wọlé, òun ló jókòó yìí.

Ìṣirò, 166 nínú 170. Èdè, 157. Ẹ̀rọ náà gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Mo ra ẹran sísun ẹgbẹ̀rún kan, mi ò sì kọ ọ́ sínú ìnáwó. Mo kọ ọ́ báyìí: 1,000.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ 249.

Iléyá ku ọ̀la. Àgbò tó jẹ́ 28,000 lọ́dún tó kọjá ti di 41,000. Jàáfárù ní òun yóò fi ewúrẹ́ ṣe é, Ọlọ́run mọ àkókò tí a wà.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹwàá.

Ìwà òmùgọ̀ tèmi rèé, kí n kọ ọ́ kí n má baà tún un hù.

Kafé kan wà nítòsí Post Office tó ń fi àwo òkè-ilé gba íńtánẹ́ẹ̀tì, igba náírà lórí ìdajì wákàtí. Mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù Minisótà tán. Mo dé ibi ìsanwó. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì mi. Ojú ìwé náà dáhùn pé àwọn ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n tẹ̀ ẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Mo nawọ́ sínú báàgì. Fóònù mi ti lọ sí Azare láti àná.

Ó yẹ kí n dìde. N kò dìde. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n tún fi ránṣẹ́, bí ẹni pé ohun tí kò sí nílé yóò gbọ́ bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Káàdì tì pa.

Oṣù márùn-ún ti sọ mí di ẹni tó gbà pé fóònù jẹ́ ohun tí à ń rán níṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ 252.

Ẹ̀wà 290. Ìrẹsì 360. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Làtíì dé. Ìjà Damaturu ló dá a dúró sí Azare láti ọjọ́ náà. Ó gbé fóònù mi fún mi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra.

"Pùròfẹ́sọ̀, lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí mo tẹ́ wọn sórí ẹní, tiyín ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní ẹ wò ó, ìyàwó ti rí ọkọ! Mo dọ̀bálẹ̀ kí i."

Mo ṣí i. Nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ mẹ́fà, gbogbo wọn ti kú láti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, báǹkì ni."

"Ọkọ tó lówó náà nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá.

Wákàtí mẹ́ta lórí ìlà ní báǹkì. Lẹ́nu ọ̀nà, a gbé ọwọ́ sókè, a rìn lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá níwájú ṣójà. Akọ̀wé ní kí n pe nọ́ńbà kan kí wọ́n bá mi ṣí káàdì. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ojú mi. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣí i láti orí tábìlì rẹ̀.

Mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Bí nọ́ńbà kò bá lè wá bá síìmù mi níbí, kí síìmù mi lọ jókòó síbi tí nọ́ńbà wà. Mo yọ ọ́ kúrò nínú fóònù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú káàdì ìkíni ọjọ́ ìbí, mo kọ orúkọ àbúrò mi, Tèmídayọ̀, sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Làtíì yóò fi lé awakọ̀ Ìbàdàn lọ́wọ́ ní Azare. Ọjọ́ ìbí Tèmídayọ̀ di Oṣù Kẹrin.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí, wá láti Bauchi láti kó fáìlì tó ṣẹ́kù. Ó bá mi nílé ní 1000 Housing Estate, ó fi lẹ́tà kan sórí tábìlì: wọ́n ti gbé mi lọ sí Òṣogbo, kí n wọṣẹ́ ní ọjọ́ kejì Oṣù Kejìlá.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ọ̀gá. Kí ó di ọjọ́ kẹfà Oṣù Kìíní."

"Ẹniọlá, àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè rí lẹ́tà yìí gbà."

"Mo mọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje tí n óò fi pé 260."

"Àádọ́talénígba ó lé mẹ́ta ò tó? Òyìnbó wo ló fẹ́ ka méje tó kù?"

"Òyìnbó kọ́. Èmi ni."

Ó gbé tíì rẹ̀ mu, ó gbé e kalẹ̀. "Wọn yóò dá owó oṣù ẹ dúró. Mi ò ní lè gbà ẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé wọ́n á dá ìwé ìjẹ́rìí tí ẹ fẹ́ kọ fún mi náà dúró?"

Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì lọ́jọ́ Ajé. Ó ní òun kọ sínú rẹ̀ pé olóríkunkun ni mí. Mo ní ẹ ṣé, ọ̀gá, òótọ́ ni ìwé ìjẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá.

Kafé, aago mẹ́wàá. Tèmídayọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ n'Íbàdàn, síìmù mi wà nínú fóònù rẹ̀, à ń kọ ọ̀rọ̀ síra wa.

*Àǹtí mi, ẹ ti tẹ̀ ẹ́?*

*Mo ti tẹ̀ ẹ́.*

*Kò tíì dé o.*

*Má fọwọ́ kan nǹkan kan.*

*Ó DÉ!*

Ó kọ nọ́ńbà náà, mo tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé yí, yí, yí. Ó gbà á. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún. Minisótà ti lọ.

*Màmá ní ṣé fọ́ọ̀mù ọkọ náà wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn?*

*Sọ fún Màmá pé ó wà. Dọ́là 75 ni, owó mi ò ká a.*

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá.

Owó oṣù wọlé fún gbogbo ènìyàn. Tèmi kò wọlé. Oṣù kan ń gba 48,000 lọ́wọ́ mi láti jẹun àti láti gbé. Inú 190,112 ni yóò ti jáde. Nítorí náà mo pa Tòróńtò rẹ́. Ó ku Bọ́sítìnì, tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá, tí wọ́n sì ń béèrè iṣẹ́ ìwádìí olójú-ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ti kọ mọ́kàndínlógún. Kò ì dùn mọ́ mi nínú: iye ló pọ̀ níbẹ̀, ìbéèrè kò sí.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ 256.

Òní ló yẹ kí n wọṣẹ́ l'Óṣogbo.

Wọ́n kọlu bárékè ọmọ-ogun òfurufú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé mì. Rédíò ní kónílégbélé, tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni má jáde. Ọjà ò ní ṣí.

Ọjọ́ Ajé ni. Ní aago mẹ́wàá mo mú ìwé àti bírò, mo lọ sídìí ògiri tó pín èmi àti Àǹtí Nímọ́tà níyà.

"Àǹtí Nímọ́tà! Èló lẹ ra ìrẹsì láàárọ̀ yìí?"

"Ẹniọlá, ìbọn ń dún, ò ń bi mí ní iye ìrẹsì?"

"Èló ni?"

"Mo gba múdù kan lọ́wọ́ ìyàwó tíṣà, lójú ihò ògiri yẹn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ó tún ní kí n dúpẹ́."

"Ṣé ẹ dúpẹ́?"

"Mo ṣépè fún un nínú, mo sì dúpẹ́ lẹ́nu. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe gba ògiri dé ògiri, wọ́n ń bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn wọn, ìdáhùn ń padà bọ̀. Nǹkan mẹ́rìnlá ni mo máa ń kọ. Mo rí mọ́kànlá. Ẹ̀wà, jéró àti òróró kò sí ẹni tó tà á tàbí tó rà á lágbègbè wa. Mi ò lè dá iye kan sọ. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀sẹ̀ 255 ti kọjá láìsí ihò, mẹ́ta rèé lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá.

Mi ò kọ nǹkan kan. Mo wo ihò mẹ́ta náà.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá.

Wọ́n ti dẹ kónílégbélé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Napep lọ sí ọjà, a sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin fún àyẹ̀wò. Ìdajì ìsọ̀ ni kò ṣí. Jàáfárù ṣí. Kò béèrè bóyá ti ìwé ni àbí ti ọbẹ̀. Ó tẹ̀ sábẹ́ àpò ẹ̀wà, ó yọ páálí kan tí ó ya lára àpótí ìndómì, ó nà án sí mi. Lẹ́tà Lárúbáwá kún ojú rẹ̀, a fi pẹ́ńsù kọ ọ́, èdè Hausa ni.

"Kí ni èyí, Mala?"

"Ti ọjọ́ Ajé. Galtimari, òpópónà tiwa." Ó ń fi ìka tọ́ka, ó ń kà á fún mi. "Ẹ̀wà, 400 láàárọ̀. Lọ́sàn-án, 450. Jéró, 260. Òróró, 380. Ìrẹsì, 420."

"Ìrẹsì 420? Ní tiwa, 500 ni."

"Tiyín, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin lẹ lówó."

"Ta ló ní kí ẹ kọ ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wèrè. "Ṣé kì í ṣe Ọjọ́ Ajé ni?"

Mo jókòó sórí àpò jéró. Mo dà á kọ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn kò já. Nígbà tí mo jókòó tí mo ń wo ihò mẹ́ta nílé, ẹnìkan wà ní Galtimari tó di ìdí kejì okùn náà mú.

Ọgọ́rin náírà ló wà láàárín ìrẹsì ibi méjèèjì, nínú ìlú kan, lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀nà bá ṣí, ẹnìkan ì bá ti gbé e láti ibi tó ti pọ́ọ́kú wá síbi tó ti wọ́n. Bí ọ̀nà bá dí, ìlú kan a di ọjà púpọ̀, ògiri kan a ní iye owó tirẹ̀. Ìbéèrè tí mo ń wá láti Oṣù Kẹsàn-án, abẹ́ àpò ẹ̀wà ló wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá.

Mo tún iṣẹ́ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú-ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò lé, kò dín. Nínú ojú-ewé kejì mo kọ ọ́ pé Mala Jàáfárù ti Galtimari ló gba iye owó kan nínú ọ̀sẹ̀ 256.

Bàlúù kò fò mọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ kò sí ní kafé. Mo gbé jálá kan lọ láti ilé, 700 náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí ọ̀nà. Ṣójà gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí ni mo fẹ́ fi epo ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi lọ sí Bọ́sítìnì. Ó bojú wo jálá náà, ó bojú wò mí, ó ní: "Madam, e no go reach."

Ó tó. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, Tèmídayọ̀ kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà á. Bọ́sítìnì ti lọ. Nínú mẹ́jọ, méjì. Mi ò tọrọ ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ 260.

Ọyẹ́ bo ìlú, a kò rí òpin òpópónà. Ìrẹsì 400. Jéró 230. Òróró 340. Tòmátì 3,600. Ẹ̀wà 330.

Lẹ́tà kejì dé láti Bauchi nínú àpò Ẹ̀gbọ́n Làtíì: ọjọ́ kẹfà Oṣù Kìíní, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe béèrè. Adéjọbí fi ọwọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: *Ó ti pé. Máa bọ̀.* Mo ń lọ l'Ọ́jọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo dá ni mo ń lọ, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi. Èsì àwọn yunifásítì yóò bá mi l'Óṣogbo, bó bá dára, bí kò dára. Àkọsílẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọ́ di àìpé mọ́.

Mo fún Jàáfárù ní ìwé tuntun kan àti bírò mẹ́rin. Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ òun ni yóò máa kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Làtíì yóò máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú fóònù. Jàáfárù fi aṣọ nu ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì gbé e síbi tí kò ti ní rí epo.

Mo ní kí ó wọn ẹ̀wà múdù mẹ́ta fún mi.

"Na littafi ne, ko na miya?"

"Ti ọbẹ̀."

"Irínwó."

"Mala! Ẹnu yín yìí ló pè é ní 330 láìpẹ́."

"Ti ìwé nìyẹn. Ti ọbẹ̀ ni ẹ wí."

A fà á dé 340, a fà á padà sí 320, ó ní mo fẹ́ pa òun lọ́mọ, mo ní ọmọ rẹ̀ sanra ju èmi lọ. 315. Mo sanwó, mo di ẹrù mi. Bí mo ṣe yíjú padà láti dágbére, ó ti ṣí ìwé tuntun náà sórí itan, ó ń kọ nǹkan kan láti ọ̀tún sí òsì.

"Kí lẹ̀ ń kọ? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀."

"Mò ń dán bírò wò ni. Ẹ̀wà, 315. Iye tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà á."

"Mi ò tíì lọ."

"To, ó dáa," ó ní, kò gbójú sókè, "ẹ jẹ́ kí n dúró dè yín."